Eré Ìdárayá Láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa: Láti Ìgbà Dírílì Títí dé Ìgbà Jíìmù

Ọ̀rọ̀ nípa ara ni mo gbé wá lónìí; kì í ṣe ará ilé, ara tí a fi ń rìn ni mo ń wí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń gbé Ẹgbẹ́dá, ní Alímọ̀ṣọ́, tàbí tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú, yóò ti rí wọn: àwọn ọ̀dọ́kùnrin àti ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n wọ bàtà kánfáàsì, tí wọ́n ń sáré létí títì láti Akọ́wọnjọ lọ sí ọ̀nà Ìdímù, tí àwọn awakọ̀ dáńfó ń fọn fèrè mọ́ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Òmíràn ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, òmíràn ń lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ní Yábàá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, apá kan nínú wọn yóò yà sí jíìmù: yàrá kan lókè ilé ìtajà, tí irin kún inú rẹ̀, tí dígí bo ògiri, tí orin ń dún níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìyàwó. Àwọn tí kò rí owó jíìmù san ti ṣe tiwọn sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n po sìmẹ́ńtì sínú agolo ọ̀dà méjì, wọ́n ti páìpù irin bọ àárín méjèèjì, nígbà tí ó gbẹ, ó di ohun ìgbésókè.

Ẹ jẹ́ kí á ro ó wò. Bí a bá lè pe àgbẹ̀ kan dìde nínú àwọn Àwórì tí wọ́n dá oko sí ilẹ̀ yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí a mú un wọ inú yàrá yẹn, tí ó rí ọmọkùnrin kan tí ó gbé irin tí ó wúwo bí àpò kòkó, tí ó gbé e sókè, tí ó sọ ọ́ kalẹ̀, tí ó sì tún gbé e, ohun kan ṣoṣo ni yóò bi í pé: "Ọmọ mi, níbo lò ń gbé e lọ?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ohun tí a ó kàn fi rẹ́rìn-ín lásán. Òun gan-an ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Báwo ni iṣẹ́ ara ṣe kúrò ní ohun tí a ń ṣe nítorí oúnjẹ, tí ó di ohun tí olùkọ́ ń pa láṣẹ, tí ó tún wá di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi owó ara rẹ̀ rà? Èé sì ti ṣe tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tìlù tìfọn ní ọdún tuntun fi ń pa á tì nígbà tí ìdánwò bá dé, tí wọn kì í sì í padà síbẹ̀ mọ́?

Ní ayé àwọn baba wa, kò sí ẹni tí ń sọ pé òun ń lọ ṣe eré ìdárayá. Ilẹ̀ tí Ẹgbẹ́dá wà yìí, oko ni. Ní agbègbè Agége tí kò jìnnà sí ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ńlá bí J. K. Coker gbé dá oko kòkó tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Obì Agége náà, ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì fi ń ru ẹrù láti oko dé ẹ̀bá ojú irin. (Títí di ọjọ́ 27 oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni ó ni gbogbo ilẹ̀ yìí, nínú Ẹkùn Ìkẹjà, nítorí náà ìtàn ilé-ìwé Ìwọ̀-Oòrùn ni ìtàn tiwọn pẹ̀lú.) Ẹni tí ó ti ro oko láti kùtùkùtù, tí ó ru ẹrù bọ̀ wálé, tí ó tún la igi ìdáná, kò ní wá irin kiri láti gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ń jà gídígbò, wọ́n ń mú ẹkẹ, wọ́n ń ta òkìtì, àwọn ọmọdé ń ṣe bojúbojú lábẹ́ òṣùpá, ijó wọn sì le ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa lè jó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí. Ẹ wo ìjàkadì ní ọjọ́ ọdún. Àwọn méjì wọ àárín agbo, onílù ń fi ìlù pe orúkọ baba wọn, àwọn ẹgbẹ́ wọn dúró lẹ́yìn wọn, àwọn ọmọbìnrin ìlú ń wò. Ta ni yóò sọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé ó ti rẹ òun? Ọ̀dọ́mọkùnrin yóò sì ti fi ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá ara wọn mú lórí iyanrìn kí ọjọ́ náà tó pé. Ó ní ẹgbẹ́, ó ní òǹwòran, ó ní ọjọ́ tí ó ń retí. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí a óò tún bá wọn pàdé.

Dírílì ni àjèjì. Ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ní ọdún 1806 ni Napoleon, ọba Faransé, ṣẹ́gun àwọn ará Prussia, tí ìlú wọn wà ní ilẹ̀ Jámánì. Ó dun olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Friedrich Ludwig Jahn gidigidi. Ní ọdún 1811 ó kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí pápá kan ní Hasenheide, lẹ́yìn odi ìlú Berlin. Ó ri òpó mọ́lẹ̀, ó so okùn kọ́, ó gbé igi dábùú òmíràn, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti gùn, láti fò, láti rọ̀ dirodiro. Èrò rẹ̀ ni pé bí ara àwọn ọ̀dọ́ bá le, wọn yóò lè gba ilẹ̀ baba wọn padà. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irú pápá bẹ́ẹ̀ fi pọ̀ káàkiri. Nígbà tí ó ṣe, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìjọba fúnra rẹ̀. Wọ́n ti Jahn mọ́lé ní ọdún 1819, ní ọdún 1820 wọ́n ti àwọn pápá náà pa, ó sì di ọdún 1842 kí wọ́n tó gbà kí eré náà padà ní gbangba. Èmi kò yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ti ìbẹ̀rù yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ti mọ bí a ti ń péjọ lójoojúmọ́ láti fò, wọ́n lè péjọ láti ṣe nǹkan mìíràn.

Ará Sweden kan, Per Henrik Ling, gba ọ̀nà tí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Stockholm ní ọdún 1813 láti kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìmọ̀ nípa ìgbòkègbodò ara. Nínú ètò tirẹ̀, gbogbo ènìyàn á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, olùkọ́ á pàṣẹ, apá á lọ sókè, ẹsẹ̀ á yà, ọrùn á yí, olúkúlùkù ẹ̀yà ara ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò náni ní owó púpọ̀, a sì lè fi kọ́ ọgọ́rùn-ún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà ní Gúúsù Áfíríkà láti 1899 sí 1902, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú wọn tí ó wá forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ni ara wọn kò dá pé. Ìjọba yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 1904, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1909, wọ́n ti tẹ ìwé tí ó la ètò eré ara sílẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí a gbé karí ètò ti Sweden. Wọ́n tún un ṣe ní ọdún 1933. Ẹ ò rí i báyìí pé ohun tí àwọn bàbá àgbà yín ń ṣe lórí pápá ilé-ìwé, olùkọ́ ará Sweden ni ó hùmọ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rù ogun ni ó sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gbà á.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni wọ́n tàn án kálẹ̀ láàrin wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sẹ́ńtì Áńdérù tí ó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́ ní 1896, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesley tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1905, àti àwọn mìíràn tí ó tẹ̀lé wọn, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ bí a ti í kọ́ni. Olùkọ́ tí ó bá jáde níbẹ̀ tí wọ́n rán lọ sí abúlé, bí ó ti mú ṣọ́ọ̀kì dání ni ó mú fèrè dání. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ó rántí: agogo á dún, ẹ ó tò láti orí ẹni kúkúrú dé orí ẹni gíga, olùkọ́ á ké "Aténṣàn!", eruku á sọ. Lẹ́fì, ráìtì, lẹ́fì, ráìtì. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pe omi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ 24 oṣù Ẹ̀bìbí, tí ìjọba amúnisìn ń pè ní Ọjọ́ Ẹ́ńpáyà, gbogbo ilé-ìwé á yan kọjá níwájú aṣojú ọba, ìyá àti baba á wá wòran. Lónìí, ọjọ́ 27 oṣù náà, Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ni àwọn ọmọ wa ń yan. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó fi sún síwájú, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ń gbé.

Dírílì ṣe wá ní oore. Ó na ẹ̀yìn ọmọ tí ó ń tẹ̀ lórí ìwé, ó sì kọ́ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti gbé ẹsẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára rẹ̀ tí ó ṣì ń dà wá láàmú. Nígbà tí fèrè bá dákẹ́, eré parí. Ọmọ kò mọ ìdí tí ó fi ń gbé apá sókè ju pé olùkọ́ ní kí ó gbé e. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn olùkọ́ kan sọ eré ara di ìyà. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, kí ó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká. Ẹni tí ó bá pariwo ní kíláàsì, kí ó kúnlẹ̀ na ọwọ́ sókè, tàbí kí ó lọ gé koríko. Ọ̀pọ̀lọ́ fífò yìí, eré ìdárayá tí ó dára ni. Nínú jíìmù, àwọn ènìyàn ń san owó kí wọ́n tó kọ́ wọn. Ọmọ tí a ti fi jẹ níyà fún ọdún mẹ́fà, tí ó jáde nílé-ìwé, tí ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè fi jẹ òun níyà mọ́, kí ni yóò mú un fò? Èrò tèmi ni pé púpọ̀ nínú ọ̀lẹ tí a ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwa àgbà ni a fi kọ́ wọn lórí pápá yẹn.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, nǹkan mìíràn wọlé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọba ní Èkó láti 1909, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba ní Ìbàdàn láti 1929, àti ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama mìíràn, pín àwọn ọmọ sí ilé, wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti àwọ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ kò sáré nítorí fèrè nìkan mọ́. Ó ń sáré kí ilé pupa má baà borí ilé búlúù. Ní àwọn ọdún 1930 ni ìdíje ife ẹ̀yẹ Grier bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí a fi orúkọ Selwyn Grier, olórí ètò ẹ̀kọ́ nígbà kan, pè. Ẹ̀gbọ́n gídígbò ni èyí: ẹgbẹ́ wà, òǹwòran wà, ọjọ́ tí a ń retí wà.

Láàrin irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ti rí àwọn tí ayé mọ̀. Josiah Májẹ̀kódùnmí gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú fífò sókè ní Auckland, ní New Zealand, ní ọdún 1950. Ní ọdún 1952, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì ní Helsinki, ó gbé ipò kẹsàn-án. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1954, ọmọ Onitsha kan, Emmanuel Ifeajuna, dúró níwájú igi ìfòsókè ní Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó wọ bàtà sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà láìwọ nǹkan. Ó fo ẹsẹ̀-bàtà 6 àti íǹṣì 8, ó sì gba wúrà. Kò sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba wúrà nínú irú ìdíje àgbáyé bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ará Uganda ni ó ṣe ìkejì, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Nafiu Osagie, ni ó ṣe ìkẹta. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n tẹ àwòrán Ifeajuna sí ẹ̀yìn ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ ìṣirò.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ìwé ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ níbẹ̀, ó sì wọ inú rẹ̀ tọrùn tọrùn. Orúkọ rẹ̀ kò tún jáde nínú ìdíje àgbáyé mọ́. Bí ó ṣe di ológun, tí ó sì wà lára àwọn tí ó dìtẹ̀ gba ìjọba ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, tí wọ́n sì yìnbọn pa á ní Biafra ní 1967, ìtàn mìíràn nìyẹn, ó sì korò. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé ẹni tí ó fò ga jù lọ láàrin wa, tí àwòrán rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ilé-ìwé, òun pàápàá gbé bàtà rẹ̀ kọ́ nígbà tí ó di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Bí wúrà kò bá lè dá ènìyàn dúró sórí pápá, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra kí a tó sọ pé àmì ẹ̀yẹ ni yóò mú àwọn ọmọ wa ṣe eré.

Àwọn yunifásítì gbìyànjú. Ní ọdún 1965 wọ́n dá ẹgbẹ́ eré ìdárayá yunifásítì ilẹ̀ wa sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NUGA, wọ́n sì ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1966. Títí di òní, ìlú tí NUGA bá bọ́ sí lọ́wọ́ kì í sùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń sáré níbẹ̀, ta ni wọ́n lójú ẹgbàágbèje akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sí ibi ìwòran tí ó ń jẹ ẹ̀pà?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti bá ìṣòro yìí pàdé ṣáájú wa. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst, ọ̀gá ilé-ìwé náà ṣàkíyèsí pé ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bà jẹ́ bí ọdún bá ti ń lọ, nítorí ìwé nìkan ni wọ́n dojú kọ. Ní ọdún 1861 wọ́n fi dókítà kan, Edward Hitchcock, ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ìlera àti eré ara. Ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo kíláàsì láti wá ṣe eré lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Irinṣẹ́ wọn kò wúwo, igi ni. Wọ́n sì ń tẹ dùùrù sí i kí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà lè máa bá ohùn orin lọ. Ọlọ́gbọ́n ni ọkùnrin náà. Ó mú dandan, ó sì fi ìlù sí i. Kò pẹ́ tí Harvard àti àwọn mìíràn fi kọ́ ilé eré ńláńlá. Inú ètò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà nítorí ẹsẹ̀ wọn. Àjàyí Agbébakú ń kàwé ní Missouri nígbà tí ó gba idẹ nínú ìdíje àgbáyé ní Helsinki ní 1983. Fálílátù Ògúnkọ̀yà tí ó jáde ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10 ní Atlanta ní 1996, ó gba idẹ Òlíńpíìkì. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ti ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní ìlú náà bọ́ sí yunifásítì ní El Paso, ní Texas. Ní ọjọ́ 24 oṣù Agẹmọ 2022, ó sá mítà 100 tí a ń fo igi nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò sí obìnrin kan tí a ti kọ irú àkókò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ṣáájú ọjọ́ náà.

Bí mo ti dárúkọ obìnrin, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá pé ọmọbìnrin tí ó bá ń gbé irin kò ní rí ọmọ bí, tàbí pé yóò di ọkùnrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wa ru omi, wọ́n gún iyán, wọ́n ru igi, wọ́n sì bí wa. Irin tí a gbé níwọ̀n ń mú egungun le, obìnrin ni ó sì nílò rẹ̀ jù nígbà ogbó. Ní Birmingham ní 2022, Adíjátù Ọláríńoyè gbé irin ní ọ̀nà méjì tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 203, bẹ́ẹ̀ ni kílò 55 ni òpin ìwọ̀n ara ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wúrà ni ó gbà. Ohun tí ó tọ́ kí á bẹ̀rù ni oògùn àti abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọkùnrin kan ń lò kí iṣan wọn lè wú kíákíá. Ó ń ba ọkàn jẹ́, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń mú kí nǹkan ọmọkùnrin rọ. Ẹni tí ó bá ń tà á fún yín nínú jíìmù kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ń sọ lọ́kàn pé, "Èmi kò fẹ́ wúrà, n kò sì fẹ́ àyà gbẹ̀ǹdù, kí ni mo fẹ́ fi eré ṣe?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn bọ́ọ̀sì fún yín. Ní ọdún 1953, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Jeremy Morris, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Kọ́ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè láti gba owó, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 500 lójúmọ́. Morris rí i pé àìsàn ọkàn pọ̀ lára àwọn awakọ̀ ju ti àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀ lọ, ó sì ń tètè pa wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ìwádìí lé ìwádìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí yóò mú èémí rẹ̀ yára, kí ọmọ ilé-ìwé sì máa fi wákàtí kan ṣe é lójúmọ́. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2019 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 11 sí 17 káàkiri ayé, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn ọmọbìnrin, ó tó 85. Kọ́ńdọ́kítọ̀ dáńfó tí ẹ ń bú ní Ìyánà-Ìpájà, tí ó ń sáré fò mọ́ ọkọ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, ó lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ le ju tiyín lọ. N kò ní kí ẹ fò mọ́ ọkọ̀ o!

Nígbà náà, kí ni ó ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dúró lórí rẹ̀ fi í sílẹ̀? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, Edward Deci àti Richard Ryan, kọ ìwé kan ní ọdún 1985 tí àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí eré ara ṣì ń tọ̀ lẹ́yìn. Bí mo bá fi èdè wa sọ ọ́, wọ́n ní ènìyàn máa ń dúró lórí ohun tí ó bá fúnra rẹ̀ yàn, tí ó rí i pé òun ń mọ̀ ọ́n ṣe sí i, tí ó sì ń ṣe pẹ̀lú àwọn tí ó kà á sí. Ẹ fi wé ohun tí mo ti sọ. Dírílì kó wọn jọ ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n yàn. Ife ẹ̀yẹ fún wọn ní ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá, kò sí àyè fún un ju kí ó máa pàtẹ́wọ́. Jíìmù ti òde òní jẹ́ kí olúkúlùkù yàn, ṣùgbọ́n ó gbé dígí sí iwájú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òjìji ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá nítorí dígí, tí ó wo inú rẹ̀ fún oṣù méjì tí kò rí ìyàtọ̀, yóò lọ. Kò sì sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Àwọn tí mo rí tí ó pẹ́ lórí rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, ẹ̀yìnkùlé alágolo sìmẹ́ńtì ni mo ti rí púpọ̀ wọn. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń jẹ́, wọ́n ń ka iye rẹ̀ fún ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, bí ọ̀kan bá sùn gbàgbé, àwọn yòókù á lọ kan fèrèsé rẹ̀. Ìjàkadì orí iyanrìn ni wọ́n tún dá sílẹ̀ láìmọ̀.

Ibi tí wọn yóò ti ṣe é ni ó wá di wàhálà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó tí ó tó o nínú ìkànìyàn náà. Oko obì ti di ilé, ilé ti fara mọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni wà nínú ilé alájà méjì tí ààyè tí ó ṣẹ́kù níwájú rẹ̀ kò gba ju ọkọ̀ méjì lọ; níbo ni ọmọ tí ó wà níbẹ̀ yóò ti rí wákàtí kan tí àjọ náà wí? Nítorí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sáré létí títì láàrin èéfín, tí àwọn ọmọbìnrin sì ń dúró de ara wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí ẹ̀rù òkùnkùn.

Bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-ìwé ìjọba kan ṣì wà ní agbègbè náà tí wọ́n ní pápá, pápá tí àwọn bàbá ti yan dírílì lórí rẹ̀, tí òpó bọ́ọ̀lù ṣì dúró ní òpin rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, géètì wà ní títì ní òwúrọ̀ Sátidé, koríko ń dàgbà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó ti ibẹ̀ jáde sì ń sáré kọjá lẹ́yìn ògiri. Ẹ lè bá wọn ṣe àdéhùn: aago mẹ́fà sí aago mẹ́jọ, kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n gbá ibẹ̀ kí wọ́n tó lọ, kí àgbàlagbà kan wà pẹ̀lú wọn. Mo ti béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ géètì ọ̀kan nínú wọn wà. Ọwọ́ ọlọ́dẹ ni ó wà, ó sì ní bí wọ́n bá fún òun láṣẹ ní ọjọ́ Ẹtì, òun yóò ṣí i ní ọjọ́ Sátidé.